Adelé àti Owó Olóòǹtẹ̀ Méjì

Ilẹ̀kùn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn náà ló mọ gbogbo àṣírí. Ó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ilé Àkójọ Owó Àtijọ́, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Pátákó méjì ló wà lára rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ idẹ, ó gùn, ó fẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: Ọ̀GÁ ÀGBÀ ILÉ ÀKÓJỌ OWÓ, OLÙṢỌ́ ÌṢÚRA ÒMÌNIRA, Ọ̀MỌ̀RÀN NÍNÚ BÉBÀ. Oyè kejì àti ẹ̀kẹta, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló fi ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Pátákó ti òkè kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pákó lásán ni, ìjọba ló fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: ADELÉ.

Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ń bá ọkùnrin náà fínra. Ìjọba ní kó bá wọn dilé mú fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rí ọ̀gá gidi, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sórí pákó náà, atẹ́gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ká kàlẹ́ńdà sókè ní wákàtí wákàtí. Ó ní kí wọ́n kan fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń làágùn bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga.

Èyí nìkan kọ́. Ó fi òfin de ọ̀rọ̀ náà, àti gbogbo ohun tó bá fi ìró jọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ pé òun délé láyọ̀ lánàá, ó ní láti sọ pé òun gúnlẹ̀ síbi tí òun ń sùn. Èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé kò sí lábẹ́ òfin rẹ̀, nítorí náà Adelé la ó máa pè é. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó gbọ́.

Owó ìgbà díẹ̀ ni Adelé ń kó jọ. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Orílẹ̀-èdè kan gba òmìnira lónìí, àsíá tuntun ti ròkè, àwọn ọmọ ilé ìwé ti kọ́ orin tuntun, ṣùgbọ́n owó tuntun ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ará ìlú sì gbọ́dọ̀ ra búrẹ́dì lọ́la. Ìjọba yóò bá kó owó àwọn amúnisìn tó ń lọ sílé, wọn yóò lu òǹtẹ̀ orúkọ tuntun lé e lórí, ó di owó wọn nìyẹn. Ìlú kan lẹ bébà pélébé mọ́ tirẹ̀. Òmíràn ní kí àwọn akọ̀wé fi gègé fagi lé orúkọ ọba àjèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, tàdáwà sì tán kí wọ́n tó ṣe é dé ìdajì. Òmíràn fi àlùmọ́gàjí gé owó ńlá sí méjì, ó ní kí ìdajì kọ̀ọ̀kan máa dá dúró. Nígbà tí owó gidi bá gúnlẹ̀, wọn a kó ti ìgbà díẹ̀ dáná sun. Ìdí tó fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn, ìdí tí àwọn tó ń kó o jọ sì fi ń lá àlá rẹ̀ nìyẹn.

Adelé ní mẹ́tàlélọ́gọ́fà irú rẹ̀, kálukú nínú ike pẹlẹbẹ tirẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ̀mú kékeré ló fi ń mú wọn, ó sì máa ń mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èémí rẹ̀ má baà kàn wọ́n. Mo jẹ́wọ́ pé ó fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn, ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́ràn ara rẹ̀ jù wọ́n lọ ni.

Lọ́jọ́ tí Mínísítà tuntun wá wo ilé náà, wákàtí méjì gbáko ni Adelé fi sọ̀rọ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ife omi, ó sì ń pàtẹ́wọ́ níbikíbi tí ọ̀gá bá ti mí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Mínísítà. Ó wo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́fà, ó wá béèrè pé, "Tiwa ńkọ́?"

"Tiwa wo, Ọlọ́lá jùlọ?"

"Owó ìgbà díẹ̀ tiwa. Ogójì ọjọ́ la fi ná an. Òun ni bàbá mi fi ra bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé."

Adelé wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo inú ife omi. Owó gbogbo ayé wà nínú ilé náà àfi ti onílé.

"Ọ̀gá," ni Mínísítà wí, "ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹyọ kan péré hàn mí, pákó kékeré tó wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà yín yóò kúrò níbẹ̀. Tí ọdún yìí bá sì parí tí ẹ kò rí i, ẹ̀yin lẹ ó kúrò." Ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, oorun dá lójú Adelé. Ó kọ lẹ́tà sí ilẹ̀ mọ́kàndínlógún. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ní àràárọ̀, kó máa fi ojú dígí kọ́ bí yóò ṣe ya ara rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di Ọ̀gá Àgbà pọ́nbélé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wàyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ní ìdí tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, Ìyá Olóòǹtẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Òun ló ń mú Òfin Kẹsàn-án ṣẹ. Òfin náà ní bébà yòówù tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí ọwọ́ ọ̀gá má baà fi títú rẹ̀ ṣe wàhálà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ ọ̀gá sí i lẹ́yìn pẹ̀lú tàdáwà pupa tí kì í parẹ́ láéláé. Ohun tí òǹtẹ̀ náà ń sọ ni pé: Ó TI DÉ IWÁJÚ Ọ̀GÁ ÀGBÀ. Ẹ̀yìn ni Adelé ní kí wọ́n máa lù ú sí, kí ó má baà di ojú ìwé lọ́wọ́. Àwọn owó inú dúrọ́ọ̀ ti wọlé kí òfin náà tó dé. Bí ó sì ti jẹ́ pé Adelé kì í ṣí ẹ̀yìn ìwé wò láyé, kò tíì tún fojú kan òǹtẹ̀ náà láti ọjọ́ tó ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ìyá lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà. Ó lù ú sí ìwé ìròyìn. Ó lù ú sí bébà tí wọ́n fi di búrẹ́dì tó fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fojú fo rìsíìtì bàtà rẹ̀ tó gbé lọ tún ṣe, ni ìwé ẹ̀sùn bá já lu tábìlì rẹ̀, pé kí ló dé tí wọn kò fi ní lé e lọ. Òun náà ló sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀sùn ọ̀hún.

Iṣẹ́ òǹtẹ̀ kò ṣàjèjì sí i ṣá. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn méjìlá tí ìjọba kó jọ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan lọ́sẹ̀ òmìnira, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n sọ owó ọba àjèjì di owó ọmọ onílẹ̀. Baba náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kí òun tún fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú owó náà kí ojú òun tó fọ́. Ó ti kọ̀wé sí Adelé nígbà kan rí pé òun lè wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà fún un. Adelé fèsì pé, "Ẹni tó lu òǹtẹ̀ kọ́ ló mọ owó. Ẹni tó ní oyè ló mọ̀ ọ́n." Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, àpòòwé kan dé láti òkèèrè. Opó kan ló fi ránṣẹ́. Ó ní inú ìwé àdúrà ọkọ òun lòun ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀, pé ohun náà ni ọkọ òun fi máa ń ṣe àmì ojú ìwé, òun sì rò pé kó padà síbi tó ti wá. Ìyá Olóòǹtẹ̀ gbọn àpòòwé náà, owó kan jábọ́ sórí tábìlì. Ọba àjèjì onírùngbọ̀n ló wà lójú rẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè tuntun sì tẹ ọba náà mọ́lẹ̀ láti etí dé etí. Ìyá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un.

Ó gbé fóònù. Lókè, Adelé dúró níwájú dígí, ó ti ya ara rẹ̀ lẹ́nu dé ìdajì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bébà kan dé o, sà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tá a máa ń..."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé bébà ni àbí kì í ṣe bébà?"

"Bébà ni, sà, àmọ́ owó ni..."

"Tó bá jẹ́ owó iná ni, lù ú! Tó bá jẹ́ owó omi ni, lù ú! Kí ni Òfin Kẹsàn-án wí?"

"Ó ní kí n lù ú, sà."

"Ta ló ṣe Òfin Kẹsàn-án?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé mo ti ṣàṣìṣe rí?"

Ìyá wo ìwé ẹ̀sùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ ò ṣe é rí, sà."

"Kí lò ń dúró dè nígbà náà?"

Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Ó dojú owó náà dé, ó dijú, ó sì lù ú. Nítorí pé ó dijú, òǹtẹ̀ náà doríkodò, apá kan rẹ̀ ni kò sì jáde.

Orí àwo ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fi gbé owó náà gòkè. Nígbà tí Adelé rí iwájú rẹ̀, ó pariwo tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ gééètì rò pé iná ló ń jó. Ó fi ẹ̀mú mú un, ó yí i padà, ó rí pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó wò ó títí, ó tún wò ó.

"Òǹtẹ̀ méjì," ló sọ. "Akọ̀wé, òǹtẹ̀ méjì ló wà lára rẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Méjì gan-an, bí kò bá tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kò sí irú èyí nínú ìwé kankan láyé. Wo àwọn lẹ́tà yìí, wọn kò jọ èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Èdè àṣírí àwọn akọni òmìnira nìyí! Èmi ni mo ṣàwárí rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Mo rí i bí ẹ ṣe ń ṣàwárí rẹ̀."

Ó kọ̀wé sí Mínísítà kí ó tó jókòó. Mínísítà fèsì pé òun yóò wá lọ́sẹ̀ kejì, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti pé kí wọ́n wá ẹnikẹ́ni tó bá ṣì kù láyé nínú àwọn tó lu òǹtẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n fún un ní àga.

Ìyá Olóòǹtẹ̀ kò sinmi. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kíní, Adelé rò pé ó wá kí òun kú oríire ni, ó ní kó lọ fi ìkíni náà sórí bébà. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kejì, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní ọ̀gá ń ya fọ́tò, kò sì gbọ́dọ̀ mi orí. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n nawọ́ Òfin Kẹrìnlá sí i: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá ọ̀gá sọ, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó sì dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó jókòó nídìí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ní Ọjọ́rú náà gan-an, ó kọ ọ́. Ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sókè. Adelé gbé ife tíì lé wọn lórí, ó sì gbàgbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ kẹtàlá ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà bọ́ sí.

Wọ́n ti to àga sínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Owó náà wà nínú àpótí dígí, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sójú àwọn èrò, kí ayé lè rí òǹtẹ̀ pupa náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì kù láyé nínú àwọn méjìlá, ẹ sì mọ ẹni tó jẹ́. Adelé ní kí wọ́n fi baba náà jókòó sẹ́yìn òpó, níbi tí fọ́tò kò ní mú un. Ìyá Olóòǹtẹ̀ jókòó tì í. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ yìí di tirẹ̀, ó mọ̀ pé ìwé ẹ̀sùn kejì ni yóò gbẹ̀yìn.

Adelé bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́lá jùlọ! Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì, àti ẹ̀yin tí ẹ kò pàtàkì! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo owó, ta ló ń rí i? Èmi ni. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn, èmi ń wò. Nígbà tí mo bá sùn pàápàá, mò ń wò! Ẹ wo òǹtẹ̀ kejì yìí. Àwọn akọni wa ló lù ú ní ìkọ̀kọ̀, ní èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ara wọn, ó sì pa mọ́ títí a fi bí ẹni tí yóò tú u. Mo ti tú u. Ohun tó ń sọ ni pé: Òmìnira Láéláé!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Adelé rọra wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí káfíńtà ti dúró de pákó kékeré náà pẹ̀lú ẹ̀mú ìṣó.

Mínísítà dìde. "Baba tó wà lẹ́yìn òpó yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wò ó."

"Ọlọ́lá, ojú baba náà kò ríran," ni Adelé wí kíákíá.

"Ọwọ́ mi ń ríran," ni baba fèsì, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ léjìká ọmọ rẹ̀.

Mínísítà fúnra rẹ̀ ló yọ owó náà nínú àpótí, tó fi lé e lọ́wọ́. Baba gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wo iwájú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tèmi nìyí! Ẹ wo lẹ́tà ìgbẹ̀yìn, kò jáde dáadáa. Òǹtẹ̀ mi nìkan ló ní àbùkù yẹn nínú méjìlá. Àní tèmi gan-an ni!" Omi dà lójú rẹ̀, kò sì nu ún. Lẹ́yìn náà ló yí i padà. Ó wo pupa yẹn, ó gbóòórùn rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ti ìgbà yẹn. Tàdáwà dúdú la lò, èyí sì ṣì ń rùn. Ẹni tó lù ú tẹ apá ọ̀tún jù." Ó yí orí sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo máa ń tẹ apá ọ̀tún jù. Mo bá ẹ sọ ọ́ sọ ọ́, o ò gbọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí ìyá.

"Èmi ni mo lù ú, Mà," ni Ìyá Olóòǹtẹ̀ wí. "Ọ̀gá ló ní kí n lù ú. Mo kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni."

"Irọ́ ni!" ni Adelé pariwo. "Kò sí ìwé kankan tó dé iwájú mi!"

Mínísítà wo Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. "Lọ wo orí tábìlì ọ̀gá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láti ọdún mọ́kànlá. Ó sáré gòkè, ó sáré padà. Ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ife tíì rí róbótó lára tòkè.

Mínísítà kà á sókè: "Ọ̀gá, òǹtẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn owó náà, èmi ni mo lù ú láàárọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má gbé e jáde." Ó yí ìwé náà padà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, ó sì yí owó náà lọ́wọ́ baba kí òǹtẹ̀ rẹ̀ má doríkodò mọ́. Àwọn tó wà níwájú na ọrùn. Kò sí ẹni tí kò rí i kà: Ó TI DÉ IWÁJÚ Ọ̀GÁ ÀGBÀ.

"Ó dé iwájú yín," ni Mínísítà wí, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin lẹ lu òǹtẹ̀ sí i."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìyàlẹ́nu tí Adelé ti fi ojú dígí kọ́ fún oṣù mélòó kan wá dé ojú rẹ̀ wàyí, ó pé pérépéré, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Mínísítà yíjú sí baba. "Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n ti ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

"Kò bàjẹ́, ọmọ mi," ni baba wí, kò sì tíì fi owó náà sílẹ̀. "Iwájú rẹ̀ ọwọ́ mi ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ọwọ́ ọmọ mi ni. Irú rẹ̀ wo ló tún kù láyé?" Wọ́n jẹ́ kó mú un dání títí ayẹyẹ fi tú ká.

Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà ìjọba kan dé sí Ọ̀gá Àgbà. Ìyá Olóòǹtẹ̀ tú u gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó kà á. Wọ́n ní kí ọ̀gá lọ máa ṣọ́ ilé tí ìjọba ń kó àga tó ti kán sí, kò sì sí oyè kankan níbẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ki òǹtẹ̀ bọ tàdáwà, ó lù ú sẹ́yìn lẹ́tà náà dáadáa, kò tẹ apá ọ̀tún jù, ó sì fi ránṣẹ́ sókè. Wọ́n ní Adelé ka iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ṣí ẹ̀yìn wò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, káfíńtà gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó tú pátákó idẹ, ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó gbé kàlẹ́ńdà sọ̀ kalẹ̀, ó sì na ẹ̀mú ìṣó sí pákó kékeré náà.

"Ìyá, ṣé kí n yọ èyí náà?"

Ìyá Olóòǹtẹ̀ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé Mínísítà wà lọ́wọ́ rẹ̀: kó bá wọn dilé mú fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rí ọ̀gá gidi.

"Fi ìyẹn síbẹ̀, jàre," ló wí. "Ó ṣì wúlò. Fèrèsé yẹn ni kó o bá mi ṣí."

Nírọ̀lẹ́, baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń fetí sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ tó ṣí gééètì, ó gbọ́ tó sọ báàgì kalẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dún gbangba bí èyí tí kò ti dún láti ọdún mọ́kànlá:

"Bàbá, mo délé o!"